Yìnyín Tí Naomi Dà Lé Opó Lórí

Bí ẹ bá dé Kàbà tí ẹ béèrè Naomi, wọ́n lè bi yín pé Naomi wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ìyá oníyìnyín tí ẹnu rẹ̀ mú, ọmọdé gan-an á fi ọwọ́ júwe ilé rẹ̀, á sì kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ múra de èébú. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń pa òṣé gígùn kan tí ẹni tó wà lódìkejì títì á mọ̀ pé òun ni wọ́n pa á fún.

Firísà rẹ̀ méjèèjì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Lọ́kọ́jà. Bí iná ìjọba bá wà, òun ló ń mú omi dì. Bí kò bá sí, ìyẹn ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, jẹnẹrétọ̀ ni. Kò sí ẹni tó ra yìnyín níbẹ̀ tí kò gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Á sọ fún àwọn ọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ń po sìmẹ́ńtì láàárín ọ̀sán gangan, ṣé ilé náà á sá lọ bí ẹ bá jẹ́ kí oòrùn rọlẹ̀ ni?" Á sọ fún ìyá ọlọ́mọ tuntun pé, "Súwẹ́tà nínú ooru yìí? Ṣé o fẹ́ sè é ni?" Ẹni tó bá fẹ́ bínú á rí i pé bó ti ń bú òun ló ń bu yìnyín kún ike òun, ìbínú á sì tán.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òjò kọ̀, kò rọ̀. Oṣù kẹta ti ń lọ sópin, ojú ọ̀run funfun báláú. Àwọn òkè tó yí Kàbà ká ń gba oòrùn lọ́sàn-án, wọ́n ń tú u padà sára èèyàn lálẹ́, àwọn adìẹ sì ń la ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tó bá ti dúró. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Olúwatóyìn wá bá ìjọ tí Naomi ń lọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìwàásù. Ó ní kí wọ́n máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Ó ní kí wọ́n máa fún àwọn arúgbó lómi láìdúró kí wọ́n béèrè, nítorí ara wọn kì í tètè sọ fún wọn mọ́. Ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n bọ́ aṣọ tó nípọn. Ó tún ní bí ara èèyàn bá ń jó bí iná, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gún mọ́, kí wọ́n má pè é ní ẹ̀mí àìmọ́, kí wọ́n má sì pè é ní ìran. Ooru ló mú un. Kí wọ́n da omi tútù sí i lára, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù kíá.

Ìdajì ìjọ ń tòògbé. Naomi tó jókòó lẹ́yìn pátápátá pa òṣé rẹ̀. "Inú oòrùn la bí wa sí," ó ní. "Wọ́n wá kàwé jáde láti wá sọ fún wa pé oòrùn mú!" Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó dára tó jẹ́ pé etí Naomi kò gbọ́n tó ẹnu rẹ̀. Ohun tí ẹnu ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, etí gbà á, ó fi pamọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Gbádéyan, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sùn ní Ògìdì, tí kò jí mọ́.

Rebecca lorúkọ ẹ̀gbọ́n náà, òun nìkan sì ni Naomi kì í bú láyé yìí. Ìyá wọn kú nígbà tí Naomi kò tíì lè ru omi dé ilé láì dà á sílẹ̀. Rebecca ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń dirun fún un, òun ló ta ẹ̀pà sísun títí tó fi rán aṣọ ilé-ìwé fún un. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fà á, ó sì fẹ́ràn Gbádéyan débi tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fi àwọn méjèèjì ṣẹ̀fẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá lọ sóko, Rebecca kò ní í fẹnu kan oúnjẹ títí yóò fi dé.

Wọ́n sin Gbádéyan pẹ̀lú orin àti ìwàásù. Pásítọ̀ ní ó ti wọ inú ìsinmi, gbogbo wọn ṣàmín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ti ibi ibojì dé ni wọ́n mú Rebecca wọ yàrá opó. Nínú ilé yẹn, wọ́n ti ju òòṣà nù o, wọn kò kàn ju ìyà opó nù ni. Ẹni tó di ìyà náà mú ṣinṣin ni Adétutù, àbúrò olóògbé, olórí àwọn ọmọbìnrin ilé. Díákónẹ́ẹ̀sì ni! Bí ẹ bá rí i nínú ìpàdé àdúrà, òun ló ń fò sókè jù, tó ń já àjàgà ìdílé bàbá rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Bó bá wá délé, á ṣa àjàgà náà jọ, á so ó padà, á sì wá ọrùn obìnrin tó máa gbé e kọ́.

Òfin ilé náà pọ̀. Opó á jókòó sórí ẹní títí di ọjọ́ keje, nínú aṣọ dúdú tó nípọn, pẹ̀lú ìborùn dúdú. Kò gbọdọ̀ wẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà, nítorí àwọn ọmọbìnrin ilé ni yóò wẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, kí ọkọ rẹ̀ lè gbà pé ó ti dágbére. Fèrèsé á wà ní títì pa. Fáànù kan wà lókè yàrá náà, Emmanuel ọmọ Rebecca ló rà á. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tàn án, pé opó tó ń gba fẹ́ẹ́rẹ́ ń gbádùn ikú ọkọ rẹ̀ ni. Bó bá sì fẹ́ tọ̀, kò gbọdọ̀ dá lọ. Adétutù á da aṣọ bò ó lórí, á kó obìnrin méjì sẹ́yìn, wọ́n á sì mú un la àárín àwọn èrò kọjá.

Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ṣe òfin wọ̀nyí, ilé amọ̀ tí wọ́n fi koríko bò ló ń gbé, èèyàn sì lè mí nínú rẹ̀. Yàrá tí wọ́n mú Rebecca sí, búlọ́ọ̀kù ni, páànù ló wà lórí rẹ̀, àpáta ńlá sì wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀ tó ń fi ooru ránṣẹ́ sí i tọ̀sán-tòru. Wọ́n ti pààrọ̀ ilé, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀sìn, wọ́n ti pààrọ̀ fóònù lọ́nà mẹ́wàá, òfin opó nìkan ni wọn kò rí nǹkan fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni Adétutù pe Naomi lórí fóònù. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí i. "Naomi, gbé yìnyín wá fún wa. Àlejò pọ̀, mínírà gbóná, ojú ń tì wá." Naomi kó yìnyín sínú kúlà ńlá, ó háyà ọkọ̀, ó dé Ògìdì nígbà tí oòrùn ti kàn àtàrí. Kánópì ti gba gbogbo iwájú ilé. Àwọn àlejò ń jẹ ìrẹsì, wọ́n ń pariwo, wọ́n gba yìnyín lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ẹ̀bùn Kérésìmesì. Emmanuel tó ti Àbújá wá jókòó nínú jíìpù rẹ̀, éésì ń fẹ́ yìì, ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Okun o, Màmá Kàbà," ó fi ìkíni ilé wọn kí i. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, atẹ́gùn tútù kan Naomi lójú, ó sì yára gbé e sókè padà kí ooru má bàa bá òun nínú ọkọ̀.

Naomi wọ yàrá opó. Ooru ibẹ̀ gbá a lójú láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin tó wá bánikẹ́dùn jókòó lé ara wọn lórí, oníkálukú ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yí páálí tirẹ̀ sí opó. Rebecca wà ní igun, òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù." Naomi kúnlẹ̀, ó na ife omi tútù sí i. "Ẹ mu ún."

Rebecca fi ètè kàn án, ó dá a padà. "Ó tó."

"Kí ló tó níbẹ̀? Ẹ kò tíì mu nǹkan kan."

Rebecca fà á mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. "Bí mo bá mu ún, màá fẹ́ tọ̀. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, wọ́n á daṣọ bò mí bí ewúrẹ́ tí wọ́n jí gbé, gbogbo ọkùnrin ìta á sì mọ̀ pé opó ń lọ tọ̀. Naomi, jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi."

Naomi dìde, ó re ojú fèrèsé, ó ṣí i.

"Naomi!" Ohùn Adétutù ni. "Ta ló rán ọ?"

"Ìyá Díákónẹ́ẹ̀sì, afẹ́fẹ́ ni mo ní kó wọlé, kì í ṣe olè."

"Ti fèrèsé yẹn padà. Yìnyín la ní kí o gbé wá, a kò ní kí o gbé ìmọ̀ràn wá. Èmi náà jókòó opó, mo jókòó rẹ̀ pé, mo sì ń bẹ láàyè."

"Inú òjò lẹ jókòó tiyín! Ṣé mi ò wá kí yín ni? Búláńkẹ́ẹ̀tì lẹ fi bora lọ́jọ́ náà, eyín yín ń gbá ara wọn."

Obìnrin kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Adétutù wo Naomi láti orí dé ẹsẹ̀. "Inú oòrùn la bí gbogbo wa sí," ó ní. "Ìwọ lo máa wá kọ́ wa pé oòrùn mú?"

Ọ̀rọ̀ náà dún létí Naomi bí ohun tó mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló ti jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì bá a rẹ́rìn-ín. Ojú tì í, inú sì tún bí i pé ojú ń ti òun. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bóyá á sọ gbólóhùn kan, kan péré, tí òun á fi rí ẹsẹ̀ dúró lé. Rebecca mi orí. "Fi wọ́n sílẹ̀," ó ní. "Máa lọ sílé."

Naomi lọ. Ó bú awakọ̀ tó gbé e padà sí Kàbà, ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ó bú jẹnẹrétọ̀. Ó jókòó ti firísà, inú ń bí i sí Adétutù, inú ń bí i sí Emmanuel, nígbà tó yá inú wá ń bí i sí Rebecca pàápàá, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọkọ kú, ìyẹn ti burú tó. Ṣé ó yẹ kí ìyàwó máa tẹ̀lé e ni?

Lọ́jọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè é. Ó tún kó yìnyín, ó tún háyà ọkọ̀. Nígbà tó dé Ògìdì, ó rí i pé ariwo ọjọ́ àná kò sí nínú yàrá opó mọ́. Àwọn obìnrin ti kúnlẹ̀. Wọ́n ń kọ orin ìyìn ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn na fóònù sókè, ó ń ká a sílẹ̀. Adétutù pàdé Naomi lẹ́nu ọ̀nà, omijé wà lójú rẹ̀, ó fi ìka kan ètè.

"Rọra wọlé," ó ní. "Gbádéyan wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀."

Lóòótọ́ ni Rebecca ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún Gbádéyan pé iṣu ti jinná, pé kí ló dá a dúró pẹ́ lóko tó báyìí, pé omi ìwẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Á dúró díẹ̀, á rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣu. "Ẹ wo ìfẹ́!" obìnrin kan ń sunkún. Òmíràn ń sọ fún ẹnikejì rẹ̀ pé opó tó mọ ọ̀fọ̀ ṣe nìyí: kò béèrè omi láti àná, kò béèrè oúnjẹ, kò ní òun fẹ́ tọ̀, òógùn gan-an kò yọ lára rẹ̀ mọ́. Ó ń yìn ín o! Ó ń ka gbogbo àmì ikú náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń yìn ín.

Naomi rìn láàárín wọn, ó fi ọwọ́ kan ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbẹ, ó sì gbóná bí páànù ọ̀sán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Naomi ni."

Rebecca gbójú sókè. Ojú náà kò mọ̀ ọ́n. "Ìyá mi," ó ní, "ṣé ẹ ti ti odò dé?"

Ìgbà yẹn ni ohun tí etí Naomi ti fi pamọ́ jáde, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ohùn nọ́ọ̀sì náà gan-an. Ó figbe ta. "Gbádéyan kọ́ ló wá! Ooru ló wá! Ẹ dìde lórí obìnrin yìí, ẹ ń gba afẹ́fẹ́ rẹ̀!"

Ó sáré jáde. Kúlà kan wà lábẹ́ kánópì, yìnyín àti omi kún un, mínírà àwọn àlejò ń léfòó nínú rẹ̀. Naomi da àwọn ìgò sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń yí lọ láàárín ẹsẹ̀ àwọn àgbà, ó sì gbé kúlà wọlé. Adétutù na apá méjèèjì dí ọ̀nà.

"Kí lo fẹ́ ṣe? Ọjọ́ keje kò tíì pé! Bí o bá wẹ̀ ẹ́, ọkọ rẹ̀ kò ní í dárí jì yín!"

"Bí Gbádéyan bá fẹ́ bínú, ó mọ ilé mi!"

Ó fi èjìká ta á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fa ìborùn dúdú náà jù sílẹ̀, ó tú aṣọ tó nípọn náà títí ó fi ku ṣìmí, ó sì da omi yìnyín lé Rebecca lórí, lé e láyà, lé e lẹ́yìn, títí kúlà fi ṣófo. Ariwo ta. "Ó ti wẹ̀ ẹ́! Ó ti ba ọ̀fọ̀ jẹ́!" Àwọn tó ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ níṣẹ̀ẹ́jú tó kọjá ń sá sókè sódò kí omi má bàa kan aṣọ wọn.

Emmanuel dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù létí.

"Emmanuel, ìyá rẹ ń kú," Naomi sọ fún un. "Gbé e sínú ọkọ̀ rẹ, ká lọ sí ọsibítù."

Emmanuel wo Adétutù. Ọkùnrin tó ń pàṣẹ fún odidi ọ́fíìsì l'Ábújá, ó ń wojú àǹtí rẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ gba ààyè lọ ṣeré. Adétutù ní, "Bó bá jáde kí ọjọ́ tó pé, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí, ìwọ ni a ó bi." Emmanuel dúró gbagidi.

Naomi pa òṣé. Èyí tó pa lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní Ògìdì. "Éésì tí o ń tàn fún ìjókòó ọkọ̀ láti ìjẹta," ó ní, "ṣé ìyá rẹ kò tó o ni?"

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó ju fóònù sílẹ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń kán lára rẹ̀, ó sì gba àárín àwọn èrò kọjá. Kò sí ẹni tó rántí da aṣọ bò ó.

Nínú ọkọ̀, Naomi di yìnyín tó bù nínú kúlà tirẹ̀ sínú gèlè rẹ̀ tó ti rin, ó ń fi í sí i lọ́rùn, ó ń fi í sí i lábíyá. Kò fún un lómi mu, nítorí ẹni tí kò mọ ibi tó wà, omi lè há a lọ́fun. Ó ń pe orúkọ rẹ̀ ṣáá. Ẹnu tó ń bú gbogbo Kàbà kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ jù "Rebecca, Rebecca" lọ, orúkọ tí kò pè é rí láyé láìfi ẹ̀gbọ́n ṣáájú rẹ̀.

Ní ọsibítù tó wà ní Kàbà, Olúwatóyìn, nọ́ọ̀sì tó wá bá ìjọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí, ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé Rebecca wọlé, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí nọ́ọ̀sì náà tó jáde sí wọn. "Ta ló da omi sí i lára?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣeun tí ẹ kò dúró," nọ́ọ̀sì náà ní. "Bí ẹ bá dúró díẹ̀ sí i..." Kò parí rẹ̀.

"Mo fi ọ̀rọ̀ yín ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì," Naomi sọ.

"Mo gbọ́ yín. Ohùn yín kò kéré." Ó ṣí fèrèsé tó wà lókè orí Rebecca sí i, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí ojú Rebecca là dáadáa, ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n wà. Wọ́n sọ fún un. Ó fi ọwọ́ kan irun rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan apá rẹ̀. "Ta ló wẹ̀ mí?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

Rebecca kọjú sí ògiri. "Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí mo lè ṣe fún ọkùnrin yẹn," ó ní, "o gbà á lọ́wọ́ mi."

Adétutù kò lè sọ irú èyí kó dun Naomi tó báyìí. Gbogbo Ògìdì kò lè sọ ọ́ kó dùn ún. Ó jókòó, ó ń wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ bínú," ó ní. "Ẹ bínú dáadáa. Bí ẹ bá ti kú ni, ta ni ì bá máa bínú sí mi?"

Àwọn ọmọbìnrin ilé ránṣẹ́ sí Naomi pé kó wá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó lọ. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí i: igi máńgòrò. Wọ́n ń gba atẹ́gùn.

"Kí n tó kúnlẹ̀," Naomi ní, "mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Yìnyín tí mo gbé wá, ta ló kù nínú yín tí kò mu ún?"

Wọ́n ń wo ara wọn lójú.

"Àbúrò Gbádéyan wà nínú yín, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú yín. Kò sí ẹni tó ní òun ń ṣọ̀fọ̀, kí wọ́n gbé mínírà gbígbóná fún òun. Gbogbo yín mu tútù. Ẹ wá kó òùngbẹ gbogbo yín fún obìnrin kan pé kó máa bá yín gbẹ. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣọ̀fọ̀?"

Ìyá àgbà kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìpara rẹ̀ nínú àpò. Òmíràn rántí pé òun fi nǹkan síná. Adétutù ní òun á máa gbàdúrà fún un.

"Ẹ ṣeun, Ìyá Díákónẹ́ẹ̀sì," Naomi ní. "Bí ẹ bá ń gbà á, ẹ ṣí fèrèsé." Ó sì wá ọ̀kadà gùn, kò kúnlẹ̀.

Emmanuel bẹ̀ ẹ́ pé kí ìyá òun wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kàbà títí òjò á fi rọ̀. Naomi gbé àga fún un sábẹ́ igi dóńgóyárò iwájú ilé, ó rán aṣọ dúdú fẹ́lẹ́ fún un kó lè máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lọ. Rebecca ń kí àwọn tó ń kọjá. Ó ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, ó ń ṣeré pẹ̀lú ọmọ wọn. Naomi nìkan ni kì í dá lóhùn. Bí Naomi bá gbé omi tútù wá, á gbà á láì wojú rẹ̀, á mu díẹ̀, á gbé ife sílẹ̀. Naomi á padà sídìí firísà, á sì bú ẹni tó bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Àwọn aráàdúgbò ní èébú ọ̀sẹ̀ náà le.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Naomi fà á títí apá fi ro ó. Omi inú firísà ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tó bu èyí tó gbé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Rebecca mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó fa ojú ro, ó tu ú sílẹ̀.

"Omi yìí kò tutù," ó ní.

Naomi dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bá wí. Ṣé irú èyí lo ń tà fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ? O wá ń bú wọn mọ́ ọn. Gbádéyan kò jẹ́ fẹnu kan irú omi yìí láyé."

Oníbàárà méjì wà níbẹ̀. Wọ́n ń retí ohun tí Naomi máa fi dá a padà, ọ̀kan tilẹ̀ ti ń sún sẹ́yìn. "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi," ni Naomi wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ó wọlé, ó fọ́ yìnyín tó kù ní ìsàlẹ̀ firísà, gbogbo rẹ̀, èyí tí àwọn oníbàárà yẹn fẹ́ rà, ó kó o sínú ife ńlá.

Rebecca mu ún tán. Ó gbé ife náà sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó dìde jẹ́jẹ́, ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó sì dá lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé.